Líìgì Méjì Lọ́jọ́ Kan

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2025. Ariwo tó sọ ládùúgbò wa n'Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pọ̀ débi pé ìyá àgbà kan sáré jáde nínú ilé, ó ń bèèrè bóyá wọ́n ti mú iná dé ni. Kì í ṣe iná, ẹ̀yin èèyàn mi. Liverpool ló na Tottenham ní góòlù márùn-ún sí ẹyọ kan, tí wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ tí kò dé Bàdágìrì rí, ká má tí ì wá sọ ìlú Liverpool, ń da omi síra wọn lórí, wọ́n ń pariwo pé, "A ti gbà á! A ti gbà á!"

N kò ní purọ́ fún yín, èmi náà wà níbẹ̀. Mo sanwó ìwòran, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì onípákó, ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí à ń padà bọ̀ wálé ló bi mí ní ìbéèrè kan tí kò jẹ́ kí oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà lọ lọ́fun mi. Ó ní, "Dádì, tiwa ńkọ́? Ta ló máa gba líìgì tiwa?"

N kò mọ̀. Èmi tí mo ti ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn fún nǹkan bí ogún ọdún, n kò mọ̀. Mo ní kó jẹ́ ká délé ná. Nígbà tí a délé, mo tẹ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ̀wé nípa eré ìdárayá láago. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fi mí rín. Ó ní, "Ṣé o ò sí nílùú ni? Remo Stars ti gbà á. Òní yìí náà ni wọ́n gbà á, n'Ìkẹ́nnẹ́."

Ìkẹ́nnẹ́! Ìlú tí wọ́n ti bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ọkọ̀ kò ní rin wákàtí méjì kó tó débẹ̀ láti ilé mi bí ọ̀nà bá dára! Lọ́jọ́ tí mò ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn ará Liverpool, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ ń gba líìgì ilẹ̀ wa lẹ́yìnkùlé mi, n kò sì gbúròó. Ìtìjú yẹn ló mú mi jókòó ti sáà náà, tí mo wádìí ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, èyí tó dùn àti èyí tó korò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yin ẹni tó ṣiṣẹ́. Ogún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ló wà nínú líìgì náà, eré méjìdínlógójì sì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá. Nígbà tí Remo Stars fi góòlù kan sí òdo ṣẹ́gun Niger Tornadoes lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, ó ku eré mẹ́ta gbáko kí sáà parí, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó tún lè bá wọn. Láti ìgbà tí Julius Berger ti Èkó ti gba líìgì ní ọdún 2000, kò tún sí ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yorùbá kankan tó gbà á. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti tó fẹ́yàwó.

Kì í sì í ṣe orí ire lásán. Ní 2021 ni wọ́n àti 3SC jọ padà wọ líìgì ńlá. Ní sáà tó tẹ̀lé e, ipò kẹta ni wọ́n wà. Sáà kejì, wọ́n ṣe ipò kejì, Enyimba ló gba ipò kìíní. Sáà kẹta, ipò kejì náà ni, Rangers ti Enúgu ló gba ipò kìíní. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn ni, wọn ì bá ti lé kóòṣì lọ, wọn ì bá tú àwọn agbábọ́ọ̀lù ká, wọn ì bá sì dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí yóò wádìí ẹni tó ṣépè fún wọn. Daniel Ogunmodede tó darí wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe ipò kejì náà ni wọ́n fi sílẹ̀ kó máa bá iṣẹ́ lọ, ọwọ́ òun náà ni líìgì sì bọ́ sí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn, ó sì yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ wa kọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ kejì wà ní ìsàlẹ̀ tábìlì. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló já bọ́ nínú líìgì ní sáà náà: Sunshine Stars ti ìpínlẹ̀ Oǹdó, Akwa United, Lobi Stars àti Heartland. Ẹ wò wọ́n dáadáa. Akwa United gba líìgì ní 2021. Heartland ti Òwèrè ni ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Iwuanyanwu Nationale láyé àtijọ́, àwọn ló sì gba líìgì ní 1990, ọdún tí a kọ́kọ́ sọ ọ́ di iṣẹ́ tí èèyàn fi ń jẹun. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìjọba ìpínlẹ̀ ń bọ́. Remo Stars tó wà lókè téńté, ẹnìkan ló ni ín, Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé Ṣónámẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Rivers United tó ṣe ipò kejì, ìjọba náà ló ni ín. N kò sọ pé owó ìjọba kì í gbá góòlù wọlé. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹgbẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ ń dúró de ìbuwọ́lùwé gómìnà, tí alága rẹ̀ ń yí padà bí ẹgbẹ́ òṣèlú bá ti yí, kò lè ní sùúrù ọdún mẹ́rin bíi ti àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́. Ìdìbò kan tó láti bà á jẹ́. Ọ̀pọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í wá owó ẹnu ọ̀nà, wọn kì í wá bí èrò yóò ṣe wá wo eré, torí pé bí èrò wá, bí èrò kò wá, ilé ìjọba ni oúnjẹ ti ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí n kò lè fò dá. Ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, Bet9ja, ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ Ọ̀gbẹ́ni Ṣónámẹ̀. Kò jí owó ẹnikẹ́ni, ó sì dáa púpọ̀ pé ó da lára owó rẹ̀ sí pápá àti ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọ wa, nígbà tí àwọn olówó mìíràn ń kọ́lé sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta tẹ́tẹ́ ládùúgbò mi, eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Sípéènì ni wọ́n ń ta lé lórí jù. Wọ́n mọ ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ní Arsenal, wọn kò mọ orúkọ gólì Remo Stars. Ìfẹ́ bọ́ọ̀lù ń bẹ nílẹ̀ yìí, owó bọ́ọ̀lù náà ń bẹ, ohun tí kò sí ni pé kí wọ́n jọ dé pápá tiwa.

Kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Bàbá mi máa ń sọ fún wa nípa ọdún 1976, tí IICC Shooting Stars fi ìyà jẹ Tonnerre ti Yaoundé, tí wọ́n di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Bó bá ti dárúkọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Múdà Lawal, ohùn rẹ̀ á yí padà. Èmi náà bá tèmi. Ọmọ iléèwé girama ni mí ní 1995 nígbà tí 3SC gba líìgì. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn láti Òkè-Àdó lọ sí Adámásìngbà, ẹni tí kò lówó tíkẹ́ẹ̀tì á gun igi. Lọ́jọ́ tí 3SC bá pàdánù, iyán kì í tà n'Ìbàdàn.

Kí ló wá lé wa kúrò ní pápá? Àwọn kan ní tẹlifíṣọ̀n òyìnbó ni. Òótọ́ díẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe kúrò níbẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí tí mo lọ wo eré ní pápá kan tí n kò ní dárúkọ. Àlejò ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé. Láti ìgbà náà ni réfẹ̀rí kò ti ní ìsinmi mọ́. Wọ́n ń ju ọ̀rá omi lù ú, ẹnìkan ń pe ìyá rẹ̀ lórúkọ tí n kò lè kọ síbí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, ó fọn fèrè, ó ní pẹ́nárítì ni. Àwa tí a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an kò rí ohun tó rí. Inú mi kọ́kọ́ dùn, torí ẹgbẹ́ tí mo wá tì lẹ́yìn ló jàǹfààní. Ọkọ̀ ni mo wà nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tó wá dùn mí. Mo rí i pé ẹjọ́ tí wọ́n ti dá tẹ́lẹ̀ ni mo fi owó mi lọ wò. N kò tún lọ mọ́.

Àrùn tó ń pa líìgì wa nìyẹn, ó pẹ́ tó ti wà lára ẹ̀. Onílé kò gbọdọ̀ pàdánù. Bí onílé bá fẹ́ pàdánù, réfẹ̀rí á máa ronú ọ̀nà tí òun máa gbà délé òun láàyè. Ṣùgbọ́n èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀, mo sì ń pè é ní ahoro. Ní ọjọ́ kejì tí Remo Stars gba líìgì, mo ṣí ìwé ìròyìn tí mò ń bá ṣiṣẹ́. Liverpool gba ojú ewé kan odidi. Àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ gba igun kan. N kò rí ẹni tí mo lè bínú sí, nítorí pé bó bá jẹ́ èmi ni olóòtú, bí mo ṣe máa ṣe é náà nìyẹn.

Mo dá ara mi lẹ́jọ́, mo sì san owó ìtanràn. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 2025, èmi àti ọmọ mi wọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí Remo Stars ti gbàlejò Mamelodi Sundowns ti Gúúsù Áfíríkà nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì nílẹ̀ Áfíríkà. Ẹ gbà mí o! Márùn-ún sí ẹyọ kan! Iye góòlù tí Liverpool fi na Tottenham náà ni wọ́n fi nà wá. Àwọn àlejò ń gbé bọ́ọ̀lù fúnra wọn bí ẹni ń pín àkàrà, àwọn ọmọ wa ń sáré tẹ̀lé òjìji. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ẹni tó jẹ́ ọ̀gá nílé, ó lè jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ níta. Enyimba gba ife yìí ní 2003, wọ́n tún gbà á ní 2004, látìgbà náà kò tún sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó gbà á. Agbábọ́ọ̀lù tó bá dára nínú líìgì wa ní sáà kan, ó ṣòro kó tó bẹ̀rẹ̀ sáà kejì níbẹ̀, á ti wá iṣẹ́ lọ sí ibòmíràn. Iṣẹ́ tí a kò bá dáàbò bò ní ilé kò lè borí ní òkèèrè.

Àwọn tó ń darí líìgì, ẹ dáàbò bo réfẹ̀rí, kí ẹ sì jẹ́ kí àlejò máa borí bó bá mọ̀ ọ́n gbá. Ẹ̀yin gómìnà, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ́ bí yóò ṣe máa bọ́ ara rẹ̀. Àwa oníwèé ìròyìn, ẹ jẹ́ ká fi ojú ewé fún wọn. Ẹ̀yin ònkàwé mi, ẹ lọ wo eré kan péré. Bí kò bá dára, ẹ bú wọn níbẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ.

Ọmọ mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé gáréèjì ní Kútọ̀. Awakọ̀ kan bi wá pé kí ni wọ́n gbá. Mo fẹ́ dáhùn, ọmọ náà ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ó ní, "Wọ́n fìyà jẹ wá ni." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó ní, "Dádì, ìgbà wo la tún ń gbá?"