Ta ló ni orúkọ ẹgbẹ́? Àríwísí kékeré lórí bí a ṣe ń ka Saussure

Ohun tí a kọ́kọ́ há sórí nínú ẹ̀kọ́ Saussure ni pé kò sí ìdí àbínibí tó so ìró ọ̀rọ̀ mọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń ta kò ni ìparí èrò tí a máa ń fà yọ níbẹ̀, tí èmi náà sì ti kọ rí nínú iṣẹ́ kíláàsì: pé ẹni tó bá ni nǹkan lè pa orúkọ rẹ̀ dà bó ṣe wù ú. Mo fẹ́ fi ẹgbẹ́ rọ́gíbì ẹlẹ́ni-mẹ́tàlá ti Lọ́ńdọ̀nù yẹ èrò yìí wò.

Àríwá Íńgílándì ni eré yìí ti gbilẹ̀. Ní 1980, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Fulham dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí owó lè máa wọlé sí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èrò 9,554 wá wò ó ní Craven Cottage bó ṣe fi 24 sí 5 na Wigan. Ní 1984, wọ́n kó kúrò ní pápá yẹn. Ní 1991, orúkọ di London Crusaders. Ní 1994, ó di London Broncos, nítorí pé Brisbane Broncos ti Ọsirélíà ló rà á. Ní 2006, ó di Harlequins, orúkọ ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ni pápá tí wọ́n ń lò. Ní 2012, ó tún padà di London Broncos, wọ́n sì tún ṣí kiri títí wọ́n fi dé Wimbledon ní 2022.

Ẹ wo ibi tí àwọn orúkọ yìí ti wá: ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó rà á, òmíràn lọ́wọ́ ẹni tó gbà á sílé. Bàbá tó ń kígbe "Fulham" ní 1980 lè mú ọmọ rẹ̀ lọ wo ẹgbẹ́ kan náà ní 2006, kí àwọn méjèèjì má sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n jọ fi ń pè é. Bí ìdílé bá ń pa oríkì dà ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, orí ta ni yóò wú?

Ẹ fi Perpignan wé e. Ìjọba Vichy fòfin de eré yìí ní 1941. Lẹ́yìn ogun ó padà, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó máa jẹ́ rọ́gíbì mọ́: "jeu à XIII" ni wọ́n ń kọ sórí ìwé títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Aláṣẹ gba ọ̀rọ̀ kan, nọ́ńbà ṣẹ́ kù, àwọn èèyàn sì ń fi í pe ara wọn ní "treizistes". XIII Catalan ti wà níbẹ̀ láti 1934. Ó dà pọ̀ mọ́ Saint-Estève ní 2000, ẹgbẹ́ tuntun náà wọ Super League ní 2006, síbẹ̀ "Catalan" kò kúrò nínú orúkọ. Nígbà tí wọ́n gbé eré wọn pẹ̀lú Wigan lọ sí Camp Nou ní 2019, èrò 31,555 ló wá. Orúkọ wọn kì í ṣe àlejò ní Barcelona.

Ẹnì kan lè sọ pé rọ́gíbì ti wà ní Perpignan kí Super League tó dé ibẹ̀. Òótọ́ ni, orúkọ nìkan kò tó. Ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá, Tony Clubb àti Louie McCarthy-Scarsbrook dàgbà nínú ẹgbẹ́ yìí, wọ́n sì gbá fún Íńgílándì. Kíkọ́ ọmọ ìlú ní eré ń so èso lábẹ́ orúkọkórúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ni ìrántí ń gùn láti ẹnu òbí dé etí ọmọ. Bí a bá ń pa á dà, ìran kọ̀ọ̀kan yóò máa bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Saussure kò sì sọ ohun tí a fi sí i lẹ́nu. Nínú orí tó tẹ̀ lé e gan-an, ó ní nítorí pé àmì kò ní ìdí ni ẹnì kan kò fi lè dá pa á dà: àwùjọ ló ni ín. Ní ìlú wa, Porto-Novo ló wà lórí ìwé ìjọba. Àjàṣẹ́ ni a ń pè é nílé, Hogbonu sì ni lẹ́nu àwọn Gùn. Kí ẹgbẹ́ tó kó dé ìlú tuntun tó tẹ orúkọ sára aṣọ, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwọn ará ibẹ̀ yóò máa pè é, kí ó sì dúró ti èsì wọn.