Ojú àti Ohùn nínú Sinimá Blackmail (1929)

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Láti ọdún 1895 tí Auguste àti Louis Lumière ti fi sinimá han àwọn ará Paris, fún ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀, orí òwe yìí gan-an ni iṣẹ́ ọnà náà dúró lé. Ojú òṣèré ni ó ń rojọ́. Gbólóhùn díẹ̀ tí a kọ sáàárín àwòrán ni ó ń la ohun tí kò bá yéni. Ẹni tí ń tẹ dùùrù a sì máa fi orin gbè é. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 1927, ilé-iṣẹ́ Warner Brothers fi The Jazz Singer han àwọn ará New York. Àwọn ènìyàn gbọ́ orin àti ọ̀rọ̀ Al Jolson láti ara àwo tí a mú kí ó máa yí ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú àwòrán, kí ẹnu àti ohùn má baà ya ara wọn. Láti ìgbà náà ni a ti ń bèèrè bóyá ṣe ni ohùn wá ran ojú lọ́wọ́, tàbí ó wá gba ipò rẹ̀.

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ní ọdún 1928, Eisenstein, Pudovkin àti Alexandrov kọ̀wé ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà pé bí ohùn bá kàn ń tún ohun tí ojú ti rí sọ, yóò ba sinimá jẹ́. Wọ́n fẹ́ kí ohùn máa ta ko àwòrán, kí ìtumọ̀ tuntun lè ti ibi àríyànjiyàn àwọn méjèèjì jáde. Chaplin ní tirẹ̀ ṣe City Lights jáde ní ọdún 1931, kò sì jẹ́ kí òṣèré kankan sọ̀rọ̀ geere nínú rẹ̀. Ohun tí ó wà nílẹ̀ dá wọn láre. Nítorí ariwo kámẹ́rà, a ní láti ti òun àti ẹni tí ń lò ó mọ́ inú àpótí ńlá. Àwọn òṣèré kò sì lè jìnnà sí ẹ̀rọ tí ń gba ohùn. Sinimá tí ó ti ń rìn tẹ́lẹ̀ wá dúró sójú kan, ó ń wí tẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n.

Blackmail, tí Alfred Hitchcock ṣe ní Elstree lẹ́bàá London, ni òṣùwọ̀n tí ó dára jù fún ọ̀ràn yìí, nítorí ọ̀nà méjì ni ó gbà jáde ní ọdún 1929: ọ̀kan ní ohùn, èkejì kò ní, nítorí àwọn ilé sinimá tí kò tíì ní ẹ̀rọ ohùn. Inú eré orí ìtàgé tí Charles Bennett kọ ni a ti mú ìtàn rẹ̀. Alice White, ọmọ onítábà kan, bá ayàwòrán kan lọ sí ilé rẹ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ fi ipá bá a lò. Alice fa ọ̀bẹ búrẹ́dì yọ, ó sì gún un pa. Frank, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tí ó jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, rí ìbọ̀wọ́ Alice kan níbẹ̀, ó fi í pamọ́. Èkejì bọ́ sọ́wọ́ Tracy, ìyẹn sì ń fi dẹ́rù bà wọ́n láti gba owó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìdílé Alice ń jẹun. Aládùúgbò kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ròyìn ìpànìyàn náà láìsinmi. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ di kíkùn lásán, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń là ketekete: ọ̀bẹ, ọ̀bẹ, ọ̀bẹ. Bàbá ní kí Alice gé búrẹ́dì. Bí ó ti mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà bú jáde bí igbe, ọ̀bẹ sì fò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Etí Alice ni olùwòran fi ń gbọ́ níhìn-ín. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúwàbí; nígbà tí ó dé inú ọmọbìnrin yìí, ó di odindi. Gbólóhùn tí a kọ sójú àwòrán kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, nítorí ìwé lè fi ọ̀rọ̀ hàn, kò lè fi bí ó ti wúwo tó létí ẹni tí ń gbọ́ ọ hàn. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, tí ó mọ̀ pé ohùn nìkan ni ó ya ọ̀bẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ọbẹ̀, yóò tètè gbà pé ohùn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán lára ọ̀rọ̀.

Kò yẹ kí ìyìn yìí bo àléébù mọ́lẹ̀. Níbi tí Alice àti Frank ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan a jáde, ìdákẹ́jẹ́ gígùn a tẹ̀lé e, bí ẹni pé ẹ̀rọ ni wọ́n ń dúró dè. Ìbẹ̀rẹ̀ sinimá náà, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti lọ mú ọ̀daràn kan láìsí pé a gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, já fáfá ju gbogbo ìyẹn lọ.

Àléébù tí a sábà máa ń tọ́ka sí jù ni ti Anny Ondra, tí ó ṣe Alice. Ọmọ Czech ni, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì dún bí ti ọmọ London. Nígbà náà, kò tíì rọrùn láti fi ohùn mìíràn rọ́pò lẹ́yìn tí a bá ti ya àwòrán tán. Nítorí náà Joan Barry dúró níbi tí kámẹ́rà kò dé, ó ń sọ̀rọ̀, Ondra sì ń mi ètè. Òótọ́ ni pé ohùn Barry gbayì ju ti ọmọ onítábà lọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo ohun tí ìtàn náà ń sọ. Láti ìgbà tí Alice ti pànìyàn, kò rí àyè sọ tẹnu rẹ̀. Frank pa á lẹ́nu mọ́. Tracy sọ̀rọ̀ títí, ó sá, ó sì já láti orí òrùlé British Museum, ó kú. Nígbà tí Alice lọ jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá, tẹlifóònù dún, ọ̀rọ̀ náà kú sí i lẹ́nu. Sinimá tí a fi ohùn polówó ń sọ ìtàn ẹni tí a kò jẹ́ kí ó fọhùn, ohùn ẹlòmíràn ni ó sì wà lẹ́nu òṣèré tí ó ṣe é. Ọ̀ràn dandan ni ó bí èyí. Síbẹ̀ ó bá ìtàn mu ju ohun tí a pète lọ. Ondra fúnra rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ó sì ṣe sinimá olóhùn ní èdè ibẹ̀. Ohùn kò wọ́n ọn. Èdè kan ni kò gbà á.

Ní ìparí, ẹ̀rín àwọn ọlọ́pàá gba gbogbo àgọ́. Àsìkò náà ni a gbé àwòrán aláwàdà kan kọjá níwájú Alice, èyí tí ó ti wà ní ilé òkú náà, tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí ó sì ń nàka. Etí ń gbọ́ àwàdà, ojú Alice kò sì bá a rẹ́rìn-ín. Ìdáhùn Blackmail sí ìbéèrè ọdún 1927 wà níbẹ̀: ojú ni ọ̀rọ̀ ṣì wà, ohùn sì ti fún un ní ohun tí yóò máa já nírọ́.