Ọ̀rọ̀ Atọ́kùn Gíríìkì 'Antí' nínú Bíbélì Mímọ́: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ògbufọ̀

Àríyànjiyàn lórí iye ọ̀rọ̀ atọ́kùn inú èdè Yorùbá ti pẹ́ láàrin àwọn onígírámà, ṣùgbọ́n ohun tí ó hàn ni pé wọn kò pọ̀. Ní Enugu níhìn-ín, níbi tí a ti ń gbé Yorùbá yẹ̀wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ígbò, a rí i pé ti Ígbò tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: 'na' nìkan ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ojúlówó atọ́kùn níbẹ̀. Èyí ni àwọn kan fi ń sọ pé irú èdè bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ẹrù Gíríìkì. A kò fara mọ́ èrò yìí. Atọ́kùn kan ṣoṣo, 'antí', ni a ó fi dán an wò nínú Bíbélì Mímọ́, tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, tí a sì tún yẹ̀ wò lẹ́yìn náà.

Ohun tí 'antí' ń sọ ni pé nǹkan kan bọ́ sí ipò òmíràn, tàbí pé a fi í ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí 'hupér', tí ó sábà ń tọ́ka sí ẹni tí a ṣe nǹkan fún tàbí nítorí rẹ̀.

Nínú Mátíù 2:22, níbi tí ọmọ ti jọba lẹ́yìn baba, 'ní ipò' ni ògbufọ̀ lò. Nínú Mátíù 5:38, níbi òfin ẹ̀san, 'fún' ni. Nínú Hébérù 12:2, 'nítorí' ni. Nínú Jòhánù 1:16, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó lò, 'kún', láti fi hàn pé oore-ọ̀fẹ́ ń gun orí ara wọn. Bẹ́ẹ̀, 'for' kan náà ni Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 lò ní ibi mẹ́ta tí a dárúkọ kẹ́yìn. Ògbufọ̀ Yorùbá kò tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì bí afọ́jú. Ìtumọ̀ ni ó ń wá.

Àlèébù kan wà síbẹ̀. Nínú Máàkù 10:45, ibi tí ọ̀rọ̀ 'antí' ti wúwo jù lọ, kò sí ohunkóhun tí ó dúró fún un: 'ìràpadà' ni a gbé ti àwọn tí a rà, bí ọ̀rọ̀-orúkọ méjì tí a tò tẹ̀ léra. Nínú 1 Tímótì 2:6, ẹ̀wẹ̀, 'hupér' rí 'fún' gbà. Àwọn kan lè wí pé 'rà' àti 'padà' inú 'ìràpadà' ti gbé ìtumọ̀ pààrọ̀ náà, nítorí kò sí ẹni tí ó ń ra nǹkan láìsan owó. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òtítọ́ ni. 'Rà padà' sọ pé a san nǹkan. Kò sọ pé ẹnì kan dúró ní ipò ẹlòmíràn. Lórí ìyẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ ẹsẹ náà dúró lé.

Kì í ṣe pé èdè kò ní ọ̀rọ̀. Crowther fúnra rẹ̀, nínú lẹ́tà tí ó kọ ní 1837, ròyìn bí a ti fi òun ṣe pààrọ̀ ẹṣin lẹ́yìn tí a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Àwùjọ tí ó mọ irú pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ fún 'antí'. 'Ní ipò' tí ó wà nínú Mátíù 2:22 ì bá ti tó.

Nítorí náà, kí àwa olùkọ́ ìtumọ̀ má ṣe máa ka iye atọ́kùn láti fi díwọ̀n agbára èdè. Ìbéèrè tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ni èyí: kí ni ó so ohun méjì yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ wo ni Yorùbá sì fi ń so ó?