Orúkọ Yorùbá Kan Nínú Eré Amẹ́ríkà

Ọdún 1959 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré A Raisin in the Sun, tí Lorraine Hansberry kọ, ní New York. Ní 2022, Robert O'Hara tún gbé e kalẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Public Theater níbẹ̀, ó sì mú bàbá tí ó ti kú wá sójú agbo. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n Asagai, ọmọ Yorùbá inú eré náà, sọ Beneatha ní “Alaiyo”, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí oúnjẹ nìkan kò tó fún. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ pè é sókè: aláìyó ni etí wa gbọ́. Èrò náà jinlẹ̀, nítorí ọmọbìnrin yìí ń fẹ́ di dókítà, àjẹyó nìkan kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Orúkọ náà sì bá a mu.