Ìrìn-àjò sí Ìgbà Ìyá Àgbà: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Displacement ti Kiku Hughes

Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn alàwòrán tí a ń kọ fún àwọn ọ̀dọ́ nípa ìrìn-àjò sí ìgbà àtijọ́, ẹ̀rọ ni ó máa ń gbé ẹ̀dá-ìtàn lọ, ẹ̀rọ náà ni yóò sì gbé e padà. Bí ó ti rí nìyẹn nínú ọ̀wọ́ ìtàn Suske en Wiske tí Willy Vandersteen bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́ọ̀mù ní ọdún 1945. Ọ̀jọ̀gbọ́n Barabas ní ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn lọ sí ayé àtijọ́. Àwọn ọmọ yóò bá ọ̀tá jà níbẹ̀, wọn yóò ṣẹ́gun, wọn yóò sì padà délé kí ọbẹ̀ tó tutù. A kò fi ojú tín-ín-rín irú ìtàn bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ń dá ọmọdé lára yá. Ṣùgbọ́n ìgbà àtijọ́ inú rẹ̀ kò ju pápá ìṣeré lọ. Ìwé tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Displacement ni àkọlé rẹ̀. Kiku Hughes ni ó kọ ọ́ tí ó sì ya àwòrán rẹ̀, ilé-iṣẹ́ First Second sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2020. Èrò wa ni pé ibi tí agbára ìwé náà wà ni ohun tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ kò lè ṣe, àti ní pàtàkì, èdè tí kò lè sọ.

Kiku ni orúkọ ẹ̀dá-ìtàn náà, gẹ́gẹ́ bí orúkọ òǹkọ̀wé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, láti ìlú Seattle. Ìran Japan ni ìyá rẹ̀. Ní ọdún 2016, tìyá-tọmọ lọ sí San Francisco láti wá ilé tí Ernestina, ìyá ìyá Kiku, gbé dàgbà. Wọn kò bá ilé náà mọ́. Ibẹ̀ ni kùrukùru ti bo Kiku mọ́lẹ̀, nígbà tí ojú rẹ̀ yóò sì fi là, àwọn ọdún 1940 ni ó bá ara rẹ̀, níbi tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan ti ń ta fáólíìnì níwájú èrò. Ernestina ni. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí àṣẹ, kò sì sí ẹni tí ó bi í bóyá ó fẹ́ lọ. Èyí tún ṣẹlẹ̀ títí ó fi há síbẹ̀, tí a sì kó o mọ́ àwọn tí à ń kó lọ sí àgọ́ àhámọ́.

Àgọ́ náà kì í ṣe àròsọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1942 ni Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí Àṣẹ 9066, èyí tí a gùn lé láti kó nǹkan bí 120,000 ènìyàn ìran Japan kúrò ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ni ó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà lábẹ́ òfin. Tanforan, pápá eré-ìje ẹṣin kan nítòsí San Francisco, ni a kọ́kọ́ kó àwọn ará ìlú náà sí, inú ibùso ẹṣin sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sùn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni a kó wọn lọ sí Topaz, ní aṣálẹ̀ Utah. Ọ̀nà yìí ni Kiku náà tọ̀. Ìdílé Ernestina wà lẹ́yìn ògiri yàrá rẹ̀, síbẹ̀ kò fi ìgbà kan bá ìyá àgbà rẹ̀ jókòó kí wọ́n fọ̀rọ̀ wérọ̀.

Òǹkàwé tí ó bá ti ka Kindred tí Octavia Butler kọ ní ọdún 1979, tí Damian Duffy àti John Jennings sì sọ di ìtàn alàwòrán ní ọdún 2017, yóò ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ ńlá níhìn-ín. Dana, ẹ̀dá-ìtàn Butler, ní iṣẹ́ tí ìgbà àtijọ́ pè é sí: ó gbọ́dọ̀ dá ẹ̀mí ọmọ olówó-ẹrú kan sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a kò ní bí àwọn baba ńlá rẹ̀. Kiku kò ní iṣẹ́ kankan. Kò lè tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹlẹ́rìí lásán ni a fi ṣe.

Ní ojú Yorùbá, ìrìn-àjò yìí dà bí ohun tí a yí padà. Ernestina kú kí a tó bí Kiku. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ wa ni, Yétúndé tàbí Ìyábọ̀ ni a ó pe ọmọ náà, ìyẹn ni pé ìyá àgbà ti gbéra wá sọ́dọ̀ wa. Ẹni ìṣáájú ni ó máa ń wá bá wa, nínú orúkọ, nínú ẹ̀kú egúngún, lójú àlá. Nínú ìwé Hughes, alààyè ni a fà lọ bá òkú, ó sì débẹ̀ bí àjèjì. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ni ìwé yìí fi ipá mú wo ẹ̀yìn, kò sì sí àgbà tí ó tọ́ka sí ohunkóhun fún un.

Èdè ni ìdí rẹ̀ tí ó wúwo jù. Kiku kò gbọ́ èdè Japan. Láàrin àwọn arúgbó àgọ́, ojú wọn jọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò sì yé e. Ìwé náà kò jẹ́ kí a rò pé ọ̀lẹ ni. Ó fi yé wa pé àgọ́ gan-an ni ó pa èdè náà nínú ẹbí, nítorí pé ẹni tí a ti fi ẹ̀sùn kàn nítorí ìran rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohunkóhun tí ó jẹ mọ́ ìran náà pamọ́. Ìtàn gidi ti èyí lẹ́yìn: ní Tanforan, wọ́n ka ìwé tí a fi èdè Japan kọ léèwọ̀, yàtọ̀ sí díẹ̀ bí i Bíbélì àti ìwé atúmọ̀ èdè. (Kò sí wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí ó yí wa ká ní tiwa, síbẹ̀ a mọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ti ń san owó ìtanràn nítorí pé ó sọ Yorùbá.)

Apá tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè fara balẹ̀ kà ni ti ìwé ìbéèrè ọdún 1943. Ìbéèrè kejìdínlọ́gbọ̀n ní kí ẹni tí ó wà ní àgọ́ búra fún Amẹ́ríkà, kí ó sì kọ ìtẹríba fún ọba Japan sílẹ̀. Ẹ wo bí a ti hun ún. Ẹni tí a bí sí San Francisco kò tẹrí ba fún ọba náà rí. Bí ó bá ní “bẹ́ẹ̀ ni”, ó dà bí ẹni pé ó ń tẹrí ba fún un tẹ́lẹ̀. Ó jọ ìgbà tí a bi ènìyàn pé, “Ṣé o ti jáwọ́ nínú olè jíjà?” Ní ti àwọn òbí wọn, òfin Amẹ́ríkà kò gbà wọ́n láàyè láti di ọmọ ilẹ̀ náà, bí wọ́n bá kọ Japan sílẹ̀, wọn kò ní orílẹ̀-èdè kankan mọ́. Àwọn tí ó dáhùn “rárá” ni a kó lọ sí àgọ́ Tule Lake. Hughes jẹ́ kí a rí bí ìbéèrè kan ṣoṣo ti pín ọ̀rẹ́ sí méjì, láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ní ti àwòrán, ilà rẹ̀ rọrùn, àwọ̀ rẹ̀ tẹ́jú, kò sì pọ̀ ní ohun ọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó mọ Atọ́ka, tí ó máa ń gbé eré àwọn òṣèré wa jáde ní fọ́tò nígbà kan rí, yóò rántí bí fọ́tò ti máa ń fi dandan lé e pé ohun tí a rí ṣẹlẹ̀. Hughes kò lè lo fọ́tò. Èyí tí Dorothea Lange yà fún ìjọba ní ọdún 1942, ìjọba tì í mọ́lé títí ogun fi parí. Kò sì sí fọ́tò ikú James Hatsuaki Wakasa, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta tí ọmọ ogun kan yìnbọn pa nítòsí wáyà Topaz ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1943. Ilé-ẹjọ́ ológun dá ayìnbọn náà sílẹ̀. Àwọn ará àgọ́ gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún Wakasa, àwọn aláṣẹ sì ní kí wọ́n wó o. Wọ́n rì í mọ́lẹ̀; ọdún 2021 ni a tó hú u jáde. Ìtàn alàwòrán ni ó lè dúró sí irú àlàfo bẹ́ẹ̀, Hughes sì dúró síbẹ̀ láìya ẹ̀jẹ̀ rẹpẹtẹ.

Ìwé náà ní àléébù. Aiko, tí ó ń bá Kiku gbé, máa ń sọ̀rọ̀ bí olùkọ́ tí ó dúró níwájú pátákó. Nígbà mìíràn, a kì í gbọ́ ohùn ènìyàn mọ́, ẹ̀kọ́ ìtàn ni à ń gbọ́. Ìfẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ láàrin Kiku àti May náà fúyẹ́ jù fún ibi tí a gbé e kà. A sì rò pé mímẹ́nu kan ìṣèlú Donald Trump tẹnu mọ́ ohun tí òǹkàwé ìbá ti rí fúnra rẹ̀.

Bí a bá fẹ́ túmọ̀ àkọlé rẹ̀, Ìṣínípò ni a ó yàn, nítorí pé ó gba ìtumọ̀ méjèèjì: ti ọmọ tí a ṣí nípò láti ìgbà kan sí òmíràn, àti ti àwọn tí a ṣí nípò láti ilé wọn. Nígbà tí Kiku padà dé, ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún ìyá rẹ̀. Ìyá náà jẹ́wọ́ pé kùrukùru ti gbé òun náà lọ rí, òun kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìgbésí ayé Ernestina, pẹ̀lú èdè kan ṣoṣo tí ó kù sí wọn lẹ́nu, Gẹ̀ẹ́sì.