Ohun tí UNESCO Kọ nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́: Ó Dára, Ṣùgbọ́n Kò Tó

Ìwé kékeré kan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí: àlàyé tí UNESCO ṣe nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Kò gùn rárá, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ kà.

Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin kò tóbi. Ìpínlẹ̀ Georgia tí a wà yìí fẹ̀ jù ú lọ. Síbẹ̀, ní ọdún 2001, nígbà tí UNESCO kọ́kọ́ yan àṣà 19 káàkiri ayé, Benin ló gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ síwájú, Nàìjíríà àti Tógò sì tì í lẹ́yìn. Ní 2008, orúkọ rẹ̀ wọ àkọsílẹ̀ gbogbo àgbáyé. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Kétu, tí ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, bọ́ sọ́dọ̀ àwọn Faransé nígbà tí àwọn òyìnbó pa ààlà ní 1889. Ààlà yẹn gé Kétu kúrò lára Ìmẹ̀kọ, ṣùgbọ́n kò gé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí méjì.

Kí ló dára nínú ìwé náà? Ó sọ gbangba pé èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin. Ó ní ọkùnrin àti obìnrin ló jọ ń darí ẹgbẹ́. Ó sì kìlọ̀ pé bí a bá sọ ọ́ di ìran lásán fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, yóò bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n mo ní àríwísí méjì. Èkíní, ó ní alẹ́ ni wọ́n sábà ń ṣe é. Mo ka èyí fún màmá mi nílé wa ní Lawrenceville. Ìmẹ̀kọ ni wọ́n ti dàgbà. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀fẹ̀ ló ń jáde lóru! Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jó. Ta ló kọ ìyẹn?" Òótọ́ ni. Ìwé Drewal àti Drewal (1983) àti ti Babatunde Lawal (1996) ya méjèèjì sọ́tọ̀. UNESCO kò dárúkọ Ẹ̀fẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ Ẹ̀fẹ̀ ló ń fi orin bá ìlú wí. Orin yìí gan-an sì ni ohun àfẹnusọ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ dáàbò bò!

Èkejì, ó ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ẹ̀rí pé obìnrin ló ń ṣàkóso láyé àtijọ́. Ẹ̀rí wo? Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń yin àwọn ìyá wa, ó sì ń pẹ̀tù sí wọn nínú nítorí agbára wọn. Pé a bọ̀wọ̀ fún agbára ìyá kò túmọ̀ sí pé ìyá ló wà lórí ìtẹ́. Ọkùnrin ló ń gbé ère sórí, kódà nígbà tí ère náà jẹ́ obìnrin. Ìyálàṣẹ kì í sì í ṣe ohun àtijọ́. Ó ṣì wà nípò rẹ̀ títí dòní.

N kò sọ pé kí a sọ ìwé UNESCO nù o. Ó ti jẹ́ kí ayé mọ orúkọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àmọ́ orúkọ nínú ìwé kò lè kọrin. Màmá mi mọ orin Ẹ̀fẹ̀ mélòó kan, èmi ò mọ ìkankan. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín.