C.E.O: Àwo Tí Mi Ò Sanwó Rẹ̀

Ọdún 2009, nínú yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, èèyàn mẹ́jọ lórí bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin. Iná ò sí. Ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìta dé ní àwo tuntun DaGrin ti wà lórí fóònù òun, kíá gbogbo wa ti tan Bluetooth. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ ó gbé fóònù méjì sún mọ́ra lórí ìrọ̀rí bíi tọkọtìyàwó, ẹ ó máa wo ìlà tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀, ẹ ó sì máa gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má pè yín, torí bí ìpè bá wọlé, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Kílẹ̀ tó mọ́, C.E.O ti wà lọ́wọ́ àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Kò sẹ́ni tó ná kọ́bọ̀.

Bí àwo náà ṣe dé ọwọ́ mi nìyẹn, kò sì dé ní pípé. Àwọn orin míì ti di "Track 07", orúkọ akọrin ti di "Unknown Artist", ètò tí wọ́n fi to àwọn orin tẹ̀ léra ti dàrú pátápátá. Kọ̀ǹpútà ni mo ń kà nígbà yẹn, mo sì mọ̀ pé àlàyé inú fáìlì lè sọnù bí wọ́n bá ń yọ orin láti inú sídíì tàbí tí wọ́n bá ń yí i padà sí irú fáìlì míì. Mi ò kàn ka ìyẹn sí ìṣòro. Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé Sossick ló ṣe ìlù Pon Pon Pon, bẹ́ẹ̀ orin yẹn ni mo fi ń jí láràárọ̀.

Fún ẹni tó ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi nígbà náà: DaGrin, Ọládàpọ̀ Ọláìtán Ọláònípẹ̀kun, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn, ti ṣe àwo kan ṣáájú, Still on the Matter, lọ́dún 2006, àmọ́ ìyẹn ò pariwo. C.E.O ni ariwo bá dé. Ní April 14, 2010, ọkọ̀ rẹ̀ lọ kọlu tírélà kan tó dúró ní Mushin. Ní April 22, ó kú sí ilé ìwòsàn LUTH. Nígbà tí Hip Hop World Awards ọdún náà fún C.E.O ní ẹ̀bùn àwo rap tó dára jù, ẹni tó ni ín ti wà lábẹ́ ilẹ̀.

Àtìgbà yẹn ni ikú ti gba àwo yìí lọ́wọ́ wa. Ẹ wo bí a ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n á ní ó ti mọ̀ pé òun máa kú. Wọ́n á ní ẹ lọ gbọ́ If I Die. Lọ́dún 2011 wọ́n ṣe fíìmù nípa rẹ̀, Ghetto Dreamz. Ẹ̀wù tó ní àwòrán rẹ̀ láyà, orin ìdárò lóríṣiríṣi, ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ rí náà ń sunkún. "Ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè," àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́. Nínú gbogbo ẹkún yẹn, èèyàn mélòó ló sọ fún wa bí ọmọkùnrin yìí ṣe ń to ọ̀rọ̀? Ẹ bi ẹnikẹ́ni nínú àwọn ẹgbẹ́ mi, wọ́n á sọ ìtàn tírélà fún yín kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo nínú àwo náà. Ọ̀nà kan láti má gbọ́ orin nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ. Gbogbo ayé ló mọ C.E.O sí ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́, ẹni tó ń jókòó sí ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́. DaGrin ò kan lẹ́tà kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fi C sílẹ̀, ó fi E sílẹ̀, ó wá lọ yọ ohun tó wà lábẹ́ O kúrò, ó fi ọmọọ̀ta rọ́pò rẹ̀. Chief Executive Omota. Nínú iṣẹ́ wa, a máa ń ṣe irú ẹ̀: orúkọ àpótí ò yí padà, ohun tó wà nínú rẹ̀ lo pààrọ̀, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pe orúkọ yẹn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba nǹkan míì láìmọ̀. Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ pe C.E.O ti pe ọmọọ̀ta lọ́gàá nìyẹn. Ẹ má sì gbàgbé irú ọ̀rọ̀ tí ọmọọ̀ta jẹ́ nílé ọ̀pọ̀ wa. Èébú ni. Ohun tí màmá mi máa ń pè mí nìyẹn tí mo bá pẹ́ níta. (O tó wà nídìí C.E.O ò ní àmì lábẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọọ̀ta ò lè ṣe kó má ní. Àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ ìyà tí àmì abẹ́ lẹ́tà ń fi jẹ wá, ẹ jẹ́ kí n má bẹ̀rẹ̀.)

Lẹ́yìn orúkọ, ọ̀rọ̀ ohùn. Ibí ni mo rò pé a ti rẹ́ DaGrin jẹ jù.

Àríyànjiyàn kan wà nígbà yẹn tó ń jà lọ́kàn gbogbo wa. Ní ìparí ọdún 2008, M.I ṣe Talk About It, Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, àwọn ọmọ yunifásítì sì rí ẹni tí wọ́n lè fi yangàn. Lápá kejì, 9ice ti fi Gongo Aso gba ìgboro kan lọ́dún 2008 yẹn náà, ṣùgbọ́n orin kíkọ nìyẹn, wọn ò kà á sí rap. Ti rap Yorùbá gan-an, Lord of Ajasa ti ń ṣe é kí DaGrin tó dé, wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n sì tún ń fojú kékeré wo ohun tó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ jù ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ni pé ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń fi Yorùbá rap. Èmi náà sọ ọ́. Mo máa ń gbọ́ DaGrin nínú yàrá, tí mo bá dé kíláàsì, M.I ni mo máa sọ pé mo fẹ́ràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì. Fáwẹ́lì ni gbogbo wọn ń parí sí, fáwẹ́lì náà ò sì pọ̀: méje tí kì í ṣe aránmúpè, àti aránmúpè díẹ̀. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ní Yorùbá, ìparí ìlà tó bá ara wọn mu kì í náni ní nǹkan kan. Bí o bá fi owó parí ìlà kan, ìyàwó ti ń dúró dè ẹ́, kòkó ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, òjò náà ń bọ̀. Ọmọ kékeré lè ṣe é títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìdí tí ọ̀pọ̀ rap Yorùbá fi máa ń dún bí ewì jẹ́lé-ó-sinmi nìyí: akọ̀wé rẹ̀ kó ọgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì wá sí èdè tí kò nílò rẹ̀.

Àmọ́ etí Yorùbá ń gbọ́ nǹkan míì. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn. Owó, ìyàwó àti kòkó, òkè ni ohùn wọn parí sí. Òjò ń wálẹ̀. Nínú ètí wa òjò ò bá àwọn yòókù ṣe ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáwẹ́lì kan náà ni. Onírárà mọ èyí, onífújì mọ̀ ọ́n, onígángan sì fi ń jẹun. Nígbà tí mo padà gbọ́ C.E.O láìpẹ́ yìí, pẹ̀lú gbohùngbohùn gidi létí, ohun tó dá mi dúró nìyẹn. Ohùn DaGrin máa ń ha, kì í dùn, kò sì gbìyànjú àtikọrin. Bó ṣe máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ ní garéèjì ló ṣe ń rap, òkè lókè, ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀, kò fi ìlù tẹ ọ̀rọ̀ lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀kan náà, kódà lórí fóònù tí agbóhùnjáde rẹ̀ ti bàjẹ́. Orin ìjọ tí wọ́n fi ohùn òyìnbó kọ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ iye ọ̀rọ̀ tó ti yí padà di nǹkan ẹlẹ́yà nínú ìyẹn.

Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú àwo náà wá ńkọ́? Ó pọ̀, pẹ̀lú pijin. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí bó ṣe ń pè é. Nígbà tí ọ̀rọ̀ òyìnbó bá wọ ẹnu wa, ó máa ń gba ohùn: mọ́tò, tísà, dókítà. Òkè, lẹ́yìn náà ìsàlẹ̀. DaGrin máa ń fi ohùn yẹn pe Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ó sì ń gbé e sí ibi tí ìlà bá ti nílò kí nǹkan já wálẹ̀. Ẹni tó ní kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ò gbọ́ ohun tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe.

Ọwọ́ Sossick náà wà níbẹ̀. Ìlù Pon Pon Pon fi àyè sílẹ̀. Ká ní wọ́n kó ohun èlò rẹpẹtẹ sínú rẹ̀ ni, ohùn tí mò ń wí yìí ì bá rì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ sọnù nínú fáìlì ló jẹ́ ká gbọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sọnù.

Mi ò ní purọ́ pé gbogbo àwo náà dára. Thank God, tí Omawumi bá a ṣe, ṣì máa ń wọ̀ mí lára, torí pé ìdúpẹ́ rẹ̀ ò gbé èèyàn fò kúrò ládùúgbò. Ìyà ṣì wà nítòsí. Ghetto Dreams náà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn orin fàájì ibẹ̀ ti rẹ̀. Kóńdó ni igi ọwọ́ ọlọ́pàá, ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá sì ti mọ ibi tí àwàdà Kondo ń lọ kí orin tó débẹ̀. Àwọn obìnrin inú àwọn orin yẹn ò ní ẹnu. A ń wò wọ́n, a ò gbọ́ wọn. Mo jó sí i nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún. Ní báyìí tí mo ní ọmọbìnrin, mo máa ń fò ó.

Bó ṣe tàn kálẹ̀ tún jẹ́ ìtàn míì. Ní àsìkò yẹn, àwọn oníṣòwò Alaba ló ń tẹ sídíì, àwọn ló ń gbé e káàkiri, àwọn tó ń jí i tẹ̀ náà sì wà lágbègbè ọjà kan náà. Rédíò, DJ tó ń ṣe àkópọ̀ orin fún dánfó, àti bíbá ẹlòmíì kọrin, bíi Efimile tí YQ kọ, ìyẹn ni ìpolówó. Ìyókù dọwọ́ àwa àti Bluetooth wa. Mo ti gbọ́ kí èèyàn máa fi èyí yangàn, pé àwa la gbé DaGrin dé ibi gbogbo. Òótọ́ ni. A gbé e dé ibi gbogbo, àfi àpò rẹ̀.

Kí ni mo ṣe wá ń rojọ́ yìí? Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, oníbàárà kan ní kí n ṣe ètò ìṣirò ọjà fún ṣọ́ọ̀bù òun. Ó san ìdajì. Kí n tó gba ìdajì kejì, ó ti da ètò náà kọ fún ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹbí rẹ̀ méjì, ó tún yọ orúkọ mi kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Mò ń pariwo lórí fóònù, mò ń pè é lólè, àbúrò mi jókòó síbẹ̀ ó ń wò mí. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. C.E.O yẹn, èló lẹ rà á?"

Ọwọ́ mi lòun náà ti gbà á ní 2009. Mi ò rí nǹkan sọ.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ sí Ìkẹjà, mo ní kí n wá sídíì náà rà, ojúlówó. Mo mọ̀ pé owó yẹn ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan tó yẹ kó dé, mo ṣáà fẹ́ san án. Ọmọkùnrin kan tó ń ta nǹkan fóònù lábẹ́ agboòrùn wò mí láti òkè délẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ta ló ń ra sídíì mọ́? Ẹ mú memory card wá, ẹ san ẹgbẹ̀rún kan, màá da gbogbo DaGrin sí i fún yín." Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Àwọn orin náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, Track 03, Track 07, Unknown Artist. Mo bi í bóyá ó mọ ẹni tó ṣe ìlù Pon Pon Pon.

Ó ní, "DaGrin náà ni, àbí ta ni?"